Ẹ̀mú tí mo rọ fúnra mi, nítorí èyí tí mo rà kò wúlò

Owó tí mo kó lé ẹ̀mú ju ti hámà àti èédú pọ̀ lọ, síbẹ̀ kò lè di ọ̀pá irin roboto mìlímítà 12 mú dáadáa. Ẹni tó tà á fún mi ní kò síṣẹ́ tí kò lè ṣe. Irọ́ gbáà! Ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ láti ìdí dé ṣóńṣó, tó bá sì gbá irin mú, ìdí ẹnu nìkan ló ń kàn án, iwájú á là sílẹ̀. Ẹ fi irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀ mú ọ̀pá roboto, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, á yí mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ tún un lù, á fò dànù. Irin tó pọ́n yòò tó ń fò káàkiri àgbẹ̀dẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ibi tó ti ń ká mi lára jù ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀ pé ẹ̀mú ló ń dá òun lóró. Á rò pé ọwọ́ òun ni kò lágbára. Á wá fún ẹ̀mú mọ́wọ́ pinpin, apá á máa ro ó, ìbẹ̀rù á mú kó máa fi hámà tọ́ irin wò dípò kó lù ú, irin á sì ti tutù kó tó yí padà rárá. Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí alágbẹ̀dẹ tuntun nílò, ẹ̀mú nìkan ni mo lè sọ pé kó má rà. Kó rọ ọ́. Èyí tí mo rọ di irin mú débi pé mo lè gbé iṣẹ́ sókè kí n sì mì ín, kò ní yẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé báwo lèèyàn ṣe ń rọ ẹ̀mú láìní ẹ̀mú. Irin gígùn ni ìdáhùn. Ẹ gé ọ̀pá onígun mẹ́rin mìlímítà 16 sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mìlímítà 450. Orí kan nìkan ló ń wọ iná. Ẹ di orí kejì tó tutù mú. Gígùn yẹn náà ló máa di ọwọ́ ẹ̀mú, nítorí náà ìwọ̀nba fífà díẹ̀ ló kù níbẹ̀. Irin rírọ̀ tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré ni kí ẹ lò. Irin ìkọ́lé oníkókó kò ṣe é gbọ́kàn lé fún iṣẹ́ yìí: ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í dọ́gba, òmíràn nínú wọn á le, á sì dá pọ́ún tí ẹ bá rì í bọ omi nígbà tó ṣì pọ́n. Irin tí wọ́n fi sínkì bò ńkọ́? Kó má dé ẹnu iná rárá. Èéfín funfun rẹ̀ máa ń fa ibà àti otútù nígbà tó bá yá.

Nípa irinṣẹ́ yòókù, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Hámà tó wà láàárín gíráàmù 900 sí 1,200 ti tó. Tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ sì ti rẹ̀, kì í balẹ̀ síbi tí ojú ń wò mọ́. Owú, ìyẹn irin wúwo tí à ń gbé iṣẹ́ lé kí a tó lù ú, kò pọn dandan kó ní ìwo. Odidi irin tó tó kílò 30 sí 50 tí a gbé nàró sórí kùkùté igi á ṣe é. Tó bá jẹ́ irin ojú-ọ̀nà rélùwéè lẹ rí, ìdúró ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀, kí gbogbo ìwúwo rẹ̀ lè wà lábẹ́ ibi tí hámà ń bà. Kí òkè owú ṣe déédéé ìkúùkù yín nígbà tí ẹ bá dúró tí ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀. Awò ìdáàbòbò fún ojú, aṣọ òwú, omi nínú korobá, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tó ń jáde: ìwọ̀nyí kò fẹ́ àlàyé, àfi kí n ṣáà rán yín létí pé èédú tó ń jó nínú yàrá tó sé pa lè pani láìjẹ́ pé èèyàn rí èéfín kankan.

Iná náà kò le. Èédú wẹ́wẹ́ tó tó orí àtàǹpàkò ló dára. Ẹ tẹ́ irin gbọọrọ sáàárín iná, kí èédú tó ń jó wà lábẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 80 sí 100, kí òmíràn sì bò ó lórí. Bí irin bá sún mọ́ ẹnu ibi tí ẹwìrì ti ń fẹ́ jù, atẹ́gùn á máa jẹ ẹ́, èépá dúdú á bò ó. Àwọ̀ ọsàn pípọ́n dé àwọ̀ ìyeyè ni à ń lù, nǹkan bíi 1,000 sí 1,200 °C. Tó bá ti padà sí pupa ṣíṣú, ẹ dá a padà síná. Tó bá ń ta pàrà funfun, ó ti ń jóná nìyẹn. Ẹ gé ibẹ̀ sọnù.

Ní ti rírọ, ìlù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹnu lẹ máa kọ́kọ́ ṣe: ẹ gbé mìlímítà 35 lára orí irin lé etí owú tó sún mọ́ yín, kí ìdajì ojú hámà máa bà lórí owú, kí ìdajì wà lófuurufú, ẹ lù ú títí mìlímítà 16 á fi di 10. Oríkèé, ìyẹn ibi tí apá méjèèjì á ti so pọ̀, ló tẹ̀ lé e: ẹ yí irin sápá òsì kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wà lọ́tùn-ún wá sókè, ẹ tì í lọ sí etí owú tó jìnnà kí ẹnu nìkan yọ síta, ẹ dá a ní ìdábùú bíi 45°, ẹ lu oríkèé pẹlẹbẹ sí mìlímítà 10. Ìkẹta ni ọwọ́: ẹ tún un yí sápá òsì, ẹ tì í síwájú kí oríkèé bíi mìlímítà 30 wà níta, ẹ lu èyí tó kù lórí owú. Apá kejì, bákan náà gẹ́lẹ́ ni, apá òsì náà lẹ ó máa yí i sí. Ẹni tó bá yí i sápá ọ̀tún nítorí ó rò pé apá méjèèjì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra, wọn kò ní pàdé láéláé.

Títí débí, ẹni tó ní sùúrù á ṣe é. Èjìká ló dá mi dúró, ìyẹn ibi tí oríkèé ti pàdé ọwọ́. Apá àkọ́kọ́ dùn ún wò nígbà tó pọ́n. Nígbà tó tutù tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá èépá rẹ̀ kúrò, ìlà dúdú kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ ti la kọ̀rọ̀ èjìká náà kọjá. Ìmọ̀ràn táwọn kan máa ń fúnni ni pé kí a tún un gbóná kí a sì lù ú kó lè pa dé. Kò lè pa dé. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu ojú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀; nídìí èjìká yẹn, ohun tí ìlù ń fà yọ kò ju sísán lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Etí owú tí wọ́n ń tà máa ń mú. Bí hámà ṣe ń tẹ irin mọ́ etí bẹ́ẹ̀, dípò kí irin tẹ̀ yípo, etí náà á gé wọ inú rẹ̀, irin tó wà lókè á sì ṣẹ́ po bo ojú ibi tó gé. Èépá ti wà nínú ìṣẹ́po yẹn, kò sì jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ irin. Gbogbo ìlù tó bá tún bà á kàn ń ṣí i sí i ni. Ohun mìíràn tó ń fà á ni kí a dá irin padà láti inú iná kí ó má bọ́ sí ojú ibi tó wà tẹ́lẹ̀: àtẹ̀gùn kejì á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì ṣẹ́ lu ara wọn. Lílù nígbà tí irin ti ṣú náà ń dá kún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n to ẹ̀bi, etí owú ló gba ipò kìíní, èyí ló sì ń múnú bí mi, torí pé irinṣẹ́ ni mo sanwó fún, kì í ṣe iṣẹ́ tí wọn kò parí.

Ẹ fi èékánná fa ibi tẹ́ ẹ bá fura sí. Bí ó bá ń kọ́ èékánná, ó ti sán. Bí kò bá jìn ju mìlímítà kan lọ, ẹ fi fáìlì roboto họ ọ́ kúrò pátápátá kí irin tó tún wọ iná, kó sì ku kòtò tó tẹ̀ roboto, tí kò ní kọ̀rọ̀ kankan. Bí ó bá ti jẹ tó ìdá mẹ́rin nípọn irin, ẹ gé e, ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ má ṣe káàánú rẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára tí ọwọ́ yín ń fún ẹ̀mú ń gbà kọjá. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́, orí ẹsẹ̀ ni irin gbígbóná ń já sí.

Owú fúnra rẹ̀ ni mo wá tún ṣe. Etí tó jìnnà, mo họ ibi tó gùn tó mìlímítà 100 lára rẹ̀ títí ó fi yípo tó mìlímítà 6. Etí tó sún mọ́ mi, mìlímítà 3 ti tó o. Fáìlì pẹlẹbẹ ló ń ṣe é. Bí fáìlì bá kàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́, wọ́n ti mú ojú owú náà le, ẹ lo gíríńdà pẹ̀lú àwo sáńpépà, ṣùgbọ́n ẹ máa dúró nígbàkigbà tí ọwọ́ kò bá lè gba ooru rẹ̀ mọ́, kí líle náà má baà rọ̀. Ẹ wo etí hámà náà. Bó bá ń fi àpá bí òṣùpá ìdajì sílẹ̀ lára irin, òun náà ń gé irin ni. Lẹ́yìn àtúnṣe yìí, èjìká méjèèjì jáde mọ́lẹ̀ kedere, mo sì fi wọ́n han gbogbo ẹni tó bá kọjá, bí kò tiẹ̀ kàn wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rẹ̀ ọwọ́ tín-ín-rín ju mìlímítà 12 lọ. Ibi ìparí rẹ̀ ni kí ẹ fà tẹ́ẹ́rẹ́.

Ihò oríkèé, mìlímítà 8.5, ẹ lè fi ẹ̀rọ lu ú tàbí kí ẹ lu ú nígbà tó bá gbóná: ẹ lu irin ìlu láti ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi le lọ́wọ́, ẹ yí i padà, ẹ wá ibi tó ṣú, ẹ lu ibẹ̀. Ìṣó àárín, èyí tó ń so apá méjèèjì pọ̀, jẹ́ mìlímítà 8. Kí mìlímítà 12 yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan fún orí rẹ̀, ìyẹn ni pé kó gùn tó mìlímítà 44 pátá. Tí ẹ bá lù ú tán, ẹ̀mú á gan. Kò bàjẹ́. Ẹ gbé oríkèé síná títí á fi pọ́n, ẹ máa ṣí i kí ẹ máa pa á dé láìdáwọ́ dúró títí yóò fi tutù.

Ẹ wá fi fáìlì onígun mẹ́ta gé ojú ọ̀nà kan sínú ẹnu kọ̀ọ̀kan, kó jìn bíi mìlímítà 3. Ẹ gbé ẹnu síná, ẹ fi gbá ọ̀pá tútù mìlímítà 12 mú, ẹ lù ú lókè nísàlẹ̀ títí ìdí àti iwájú á fi kan ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀pá bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tẹ àwọn ọwọ́ ẹ̀mú kí àlàfo àárín wọn níparí tó mìlímítà 45. Bí wọ́n bá pàdé, ìka ni wọ́n máa ń ká mọ́. Bí wọ́n bá jìnnà jù, ọwọ́ á tètè rẹ̀. Òrùka tí a fi ọ̀pá mìlímítà 6 tẹ̀, tí a sún sórí ọwọ́ méjèèjì, á máa bá yín di í mú.

Ẹ̀mú yìí ń mú ọ̀pá mìlímítà 10 dé 13. Kò ní mú 20, kí ẹ má sì fipá mú un. Irin pẹlẹbẹ fẹ́ ẹ̀mú tirẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan ní etí méjì tó ga díẹ̀ kí irin má baà yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹnu ẹ̀mú bá sì ti ń pọ́n lẹ́nu iṣẹ́, ẹ rì í bọ omi kó tó rọ̀ tó sì yà. Irin rírọ̀ ni, omi kò ní ṣẹ́ ẹ.