Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ bá ń yẹ àtúnṣe ìrísí man page wò

"Ìrísí nìkan ni mo tún ṣe, mi ò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀." Tí mo bá ti rí gbólóhùn yìí lórí àtúnṣe man page (ìwé ìtọ́ni tí àṣẹ `man` ń ṣí lórí tẹ́míná), ọkàn mi kì í balẹ̀ mọ́. Ẹni tó kọ ọ́ kò purọ́ o, kò kàn mọ̀ ni. Àwa tá à ń fojú fò ó, tá a sì ń fọwọ́ sí i, ló yẹ kí wọ́n bá wí.

1. Ẹ má ka diff (àkójọ ìlà tó yí padà) nìkan. Ẹ fi `man -l` ṣí fáìlì àtijọ́ àti tuntun, ẹ da àbájáde wọn sí fáìlì méjì, kí ẹ wá fi `diff` wé wọn. Ohun tí òǹkàwé máa rí nìyẹn.

2. Ẹ má gba àtúntò ìlà pọ̀ mọ́ àtúnṣe ọ̀rọ̀ nínú commit (àkọsílẹ̀ àyípadà) kan ṣoṣo.

3. Hyphen. Ibí gan-an ni inú ti ń bí mi. Nínú roff, èdè tí wọ́n fi ń kọ man page, `-` àti `\-` jọra bí ìbejì, iṣẹ́ wọn ò pa pọ̀. Àkọ́kọ́ ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, èkejì ni àmì tó ń ṣíwájú option (bíi `-l` nínú `ls -l`). Groff, ètò tó ń sọ roff di ohun tá à ń kà, lè sọ àkọ́kọ́ di U+2010 (àmì mìíràn tó jọ `-`) lórí tẹ́míná UTF-8. Ojú ò lè dá a mọ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ tẹ́ ẹ fún un ò ní gbà á ní option.

Ẹnì kan bá wa "tún" fáìlì kan ṣe nígbà kan, ó ní backslash (`\`) ti pọ̀ jù, ó sì yọ gbogbo wọn. Mo gbà á wọlé. Nígbà tó yá, ẹlòmíì kọ̀wé pé òun da àpẹẹrẹ wa kọ (copy àti paste), ohun tó rí ni `ls: cannot access '‐l': No such file or directory`. Èmi ọ̀gá, mo ní kó lọ tún un tẹ̀ dáadáa. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́. Ó dà á kọ, kò ṣiṣẹ́. Odindi ọ̀sán kan la fi fa ọ̀rọ̀ yìí, torí pé lórí ẹ̀rọ tèmi, àwọn tó kó groff jọ ti fi `man.local` (fáìlì ìṣètò groff) sọ méjèèjì di ọ̀kan, mi ò sì rí nǹkan kan. Ìgbà tó da ìlà náà sínú `hexdump -C`, tó ń fi byte inú ọ̀rọ̀ hàn, la tó rí `e2 80 90` níbi tó yẹ kí `2d`, ìyẹn `-` gangan, wà. Mo wá lọ wo ẹni tó fọwọ́ sí àtúnṣe náà. Ohun tí mò ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò mi.

Òmíràn tún ni ìlà tí wọ́n tún tò, tí `.bashrc` wá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Roff á rò pé macro (àṣẹ roff, tó máa ń fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀) ni, á sì gbé ìlà náà mì. Ẹ fi `\&` síwájú rẹ̀.

Bold ni ohun tí èèyàn máa tẹ̀ bó ṣe wà, italic ni ohun tó máa fi tirẹ̀ rọ́pò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ `--output` di italic torí pé ó wù ú bẹ́ẹ̀.

Nínú Markdown, ọ̀nà míì tí wọ́n fi ń kọ ìwé ìtọ́ni, `<file>` tí kò sí nínú backtick lè pòórá pátápátá, torí wọ́n á kà á sí HTML.

Ẹ tún fi `MANWIDTH=60` (ìbú ojú ìwé tó jẹ́ lẹ́tà ọgọ́ta) wò ó. Tábìlì tó gún régé lójú ìwòran gbọọrọ yín á ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ níbẹ̀.