Páìpù ló lẹ́bi, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n ń tú

8,000 fàránkì ni mo san fún ẹni tó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ wa ní Àjàṣẹ́, tó pààrọ̀ fáàfù tí kò ṣe nǹkan kan. Ara páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde ni àìsàn ọ̀hún wà.

Ẹni tó kọ́kọ́ so ẹ̀rọ náà ti rọ́bà omi ìdọ̀tí bọ ihò ilẹ̀ bálùwẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gba omi, bẹ́ẹ̀ lomi ń jáde. Pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́ o. Ẹnu rọ́bà ló relẹ̀ ju omi inú ẹ̀rọ lọ, omi sì ń ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Fún wákàtí méjì, ẹ̀rọ ò kún, mítà omi ń yí bí òkòtó.

Mo ra páìpù oníke PVC tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40, mo gbé ẹnu rẹ̀ sókè lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 75 láti ilẹ̀ (60 sí 100 ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rọ máa ń kọ). Sífọ́ọ̀nù, páìpù tó tẹ̀ tí omi máa ń dúró sínú rẹ̀, wà nísàlẹ̀ kí òórùn kòtò má baà gòkè, páìpù tó sùn sílẹ̀ sì ń fi sẹ̀ǹtímítà 2 dàgẹ̀rẹ̀ nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Gígé àti lílẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tètè yangàn.

Ìfọ̀ àkọ́kọ́ dára. Nígbà tó kan ṣíṣan aṣọ, omi tún sá lọ. Mo tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n, mo tú sífọ́ọ̀nù, mo tún un dè, òfo ni. Mo wá jókòó síwájú gíláàsì ẹ̀rọ. Omi gòkè dé bí ìka mẹ́rin lára gíláàsì, ó dúró díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo fetí ti ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, pọ́ǹpù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo fetí ti páìpù, ó ń dún gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Kí omi má baà ta sílẹ̀, mo ti rọ́bà wọ páìpù dé ìsàlẹ̀, mo sì fi téèpù wé ẹnu rẹ̀ pinpin. Afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Bí pọ́ǹpù bá tú omi àkọ́kọ́ tán, rọ́bà ṣì kún fómi, á wá máa fa tinú ẹ̀rọ, bí àwọn tó ń ta bẹntiróòlù létí títì ṣe ń fi rọ́bà fà á nínú kẹ́ẹ̀gì.

Mo já téèpù, mo fa rọ́bà sókè títí ó fi ku sẹ̀ǹtímítà 15 nínú páìpù, mo fi okùn so ó mọ́ ògiri kó má baà yọ, mo fi àlàfo sílẹ̀ yí i ká. Omi dúró.

Kẹ́ ẹ tó pe atúnṣe, ẹ gbé ẹnu rọ́bà sínú garawa lórí tábìlì, kó má rì sínú omi, kẹ́ ẹ wá tan ẹ̀rọ. Bómi bá dúró nínú rẹ̀, páìpù ni kẹ́ ẹ bá wí. Ẹ pa á kó tó dàánù, garawa kan ò ní gbà á.

Ohun tó ṣì ń bí mi nínú ni pé n ò fi ẹnu ìtúdè, ihò onídèérí tí èèyàn lè ṣí láti kó ìdọ̀tí, sórí ìgbọ̀nwọ́ páìpù nísàlẹ̀. Òwú aṣọ ti ń dì síbẹ̀, oṣooṣù ni mo ń tú sífọ́ọ̀nù.