Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ètò oúnjẹ kan, ìyẹn gbogbo ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà láti oko dé inú abọ́, lè tọ́jọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n kórè o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹ tọpa oúnjẹ kan ṣoṣo láti oko dé inú abọ́: omi tó gbà pọ̀ tó báwo, ta ló jèrè, èló ló bàjẹ́ lọ́nà? Ẹ dúró síbi ìbàjẹ́ yẹn dáadáa, torí FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní nǹkan bíi 13% oúnjẹ ayé ló ń ṣòfò lẹ́yìn ìkórè kó tó dọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, ẹ wọn àpò oúnjẹ tẹ́ẹ̀ ń tọpa náà lóko, ẹ tún wọ̀n ọ́n lọ́jà, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni dátà yín. Ẹ wá wo ìṣàkóso, àyíká, ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ di máàkì kan, ó máa ń bo ìyà àwọn òṣìṣẹ́ oko mọ́lẹ̀. Tẹ́ẹ bá ń gbé àbájáde yín fún ìjọba, ohun tí wọ́n lè yí padà lọ́dún yìí ni kẹ́ẹ kọ sókè pátápátá.