Ó Dákú Ni, Kò Tíì Kú: Ohun Tí À Ń Ṣe Bí Áàpù Bá Hang Lórí Kọ̀ǹpútà

Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kì í gbé láptọ́ọ̀pù sáré wọlé: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbà mí, ó ti hang o!" Bí mo bá bi í léèrè ohun tó ti ṣe sí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ti tẹ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà. Nígbà tí kò gbọ́, ó ki ìka mọ́ bọ́tìnnì iná, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí gbogbo ẹ̀ fi kú. Ojú ewé 6 tí kò tíì fi pamọ́ bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, Word, áàpù tó fi ń tẹ iṣẹ́, nìkan ló dákú. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì iná jẹ́ ohun tí ọwọ́ yín máa kàn gbẹ̀yìn. Windows ni mo fi ń ṣàlàyé, torí òun ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Màá ya ọ̀dọ̀ àwọn oní-Mac tó bá yá.

1. Ẹ wò ó bóyá áàpù ló dákú tàbí kọ̀ǹpútà

Ẹ tẹ Caps Lock. Bí iná kékeré rẹ̀ bá tàn, tó sì kú nígbà tí ẹ tún un tẹ̀, kọ̀ǹpútà ṣì ń gbọ́ yín. Bí kíbọ́ọ̀dù yín kò bá ní iná yẹn, ẹ sún máòsì, kí ẹ sì wo aago tó wà ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ọfà bá ń rìn tí aago sì ń lọ, áàpù kan ṣoṣo ló ń yọ yín lẹ́nu. Bí ohunkóhun kò bá mira fún bí ìṣẹ́jú 5, ẹ fò lọ sí ìgbésẹ̀ 6.

2. Ẹ wá ìbéèrè tó fara pamọ́

Èyí ló ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Bí ẹ bá ń tẹ ojú áàpù náà tó kàn ń dún "tíń, tíń", kò hang rárá. Ó bi yín ní ìbéèrè kan ni, bóyá kí òun fi fáìlì pamọ́ tàbí kí òun má fi pamọ́, àpótí ìbéèrè ọ̀hún wá lọ fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé mìíràn. Kò ní ṣe nǹkan kan títí ẹ ó fi dá a lóhùn. Ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀, kí ẹ máa tẹ Tab, ẹ ó rí gbogbo ohun tó ṣí sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìyá kan tó fi odidi ọ̀sán bá irú àpótí bẹ́ẹ̀ wọ̀yá ìjà. Esc kan ṣoṣo ló parí ẹ̀.

3. Ẹ ní sùúrù, kí fóònù yín sì wà nítòsí

Bí áàpù kò bá dá Windows lóhùn fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, Windows á kọ "Not Responding" sí orí fèrèsé rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì funfun bí ojú ẹni tí ibà mú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń já àyà èèyàn, àmọ́ ohun tó ń sọ kò ju pé áàpù náà kò tíì fèsì. Ó lè jẹ́ fáìlì tó kún fún àwòrán ló ń ṣí lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ ti pa ló ń dúró dè, tàbí kó jẹ́ pé fúláàṣì tó ń wọ́ bí ìgbín ló ń kọ nǹkan sí.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager, ibi tí Windows to gbogbo áàpù tó ń ṣiṣẹ́ sí, lè ṣí. Bó bá ṣí ní kékeré, ẹ tẹ More details. Ẹ wá orúkọ áàpù náà, kí ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ lábẹ́ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti Disk (ibi tó ń kó fáìlì sí). Bí nọ́ńbà wọ̀nyẹn bá ń lọ sókè sódò, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ lọ mu omi. Bí Disk lápapọ̀ bá dúró sí 100%, ó lè jẹ́ ohun mìíràn ló dínà mọ́ ọn, bóyá Windows tó ń ṣe àtúnṣe sí ara rẹ̀ tàbí áńtífáírọ́ọ̀sì tó ń yẹ fáìlì wò. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn parí ná. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú 10 tí kò sí ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ ká gbà pé kò ní jí mọ́.

Àmọ́ kí ẹ tó pa á, bí ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ bá ṣì hàn, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn ọmọ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọ́n máa tún orí kẹrin tẹ̀ láti inú orí.

4. Ẹ kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́ pa á

Ẹ tẹ fèrèsé áàpù náà, kí ẹ wá tẹ Alt àti F4 pọ̀. Windows lè bi yín bóyá kí òun pa á tàbí kí òun dúró. Bí kò bá gbọ́, ẹ padà sínú Task Manager, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì tẹ End task. Ohun tí ẹ kò tíì fi pamọ́ lè bá a lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ̀rọ̀ fọ́tò. Ẹ má sì máa pa orúkọ tí ẹ kò mọ̀, torí ti Windows gan-an wà lára wọn.

Tó bá jẹ́ Chrome ló há, Shift àti Esc máa ń ṣí Task Manager tirẹ̀; ẹ lè pa táábù tó ń dà á láàmú, kí àwọn yòókù wà níbẹ̀.

5. Bí Task Manager kò bá yọjú

Ẹ gbìyànjú Ctrl, Alt àti Delete, kí ẹ mú un láti ibẹ̀. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣú dúdú, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀. Ó ń tún apá tó ń gbé àwòrán jáde bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìlà ìsàlẹ̀ níbi tí àwọn áàpù tò sí ló gan, ẹ wá Windows Explorer nínú Task Manager, kí ẹ tẹ Restart.

Lórí Mac, Command, Option àti Esc ni. Ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, kí ẹ tẹ Force Quit.

6. Bọ́tìnnì iná

Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 títí gbogbo ẹ̀ fi kú, ẹ ka 30, kí ẹ tó tún tàn án. Ó sàn ju kí ẹ fa wáyà yọ lára ògiri, ohun tí àwọn oníná ń ṣe fún èmi tí mi ò ní UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ) láìtọrọ àyè.

7. Tí ẹ bá tún ṣí i

Ẹ ṣí Word, ẹ má tíì ṣí fáìlì yín. Ó sábà máa ń to àwọn ẹ̀dà tó rí gbà là sí ọwọ́ òsì, lábẹ́ Document Recovery. Ẹ ṣí èyí tí aago rẹ̀ tuntun jù, kí ẹ fi orúkọ mìíràn pa á mọ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ fáìlì tí ẹ kò sọ lórúkọ rí, ẹ lọ sí File, Info, Manage Document, kí ẹ tẹ Recover Unsaved Documents. Ìṣẹ́jú 10 10 ni Word fi ń ṣe ẹ̀dà yìí bí ẹ kò bá yí i. Mo máa ń lọ sí File, Options, Save, mo ń sọ ọ́ di 2.

Bí Word bá ń hang lójoojúmọ́ ńkọ́? Ẹ tẹ Ctrl mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣí i, kí ẹ sì gbà fún un nígbà tó bá bi yín nípa safe mode, ìyẹn kó ṣí láìlo àwọn àfikún rẹ̀. Bó bá wá ń ṣiṣẹ́ geere, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àfikún kan tí ẹ fi kún un ló ń bà á jẹ́. Bó bá sì jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo ló máa ń hang, ẹ bi ara yín bóyá orí fúláàṣì ló wà. Ẹ dà á sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ níbẹ̀, alẹ́ ni kí ẹ tó dà á padà.