Ẹ má fọwọ́ ara yín ba ẹjọ́ owó káàdì yín jẹ́

Ó ti sú mi. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ènìyàn gba owó tí wọ́n yọ lórí káàdì wọn láìgbàṣẹ padà, àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló sì ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí jù. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n á ti ba ẹjọ́ tí wọn ì bá jàre jẹ́.

1. Ẹ má wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín lórí Google kí ẹ wá pe èyí tó bá kọ́kọ́ yọjú. Àwọn gbájúẹ̀ ti dẹ àwọ̀n síbẹ̀. Inú íméèlì tó gbé tíkẹ́ẹ̀tì yín wá ni kí ẹ ti mú un. Ẹni tó bá bèèrè OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí.

2. Ẹ ṣírò kí ẹ tó pariwo pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ ọ́. Nígbà míì, ọlọ́kọ̀ òfuurufú á yọ tiẹ̀, alágbàtà á yọ tiẹ̀. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, iye tí ẹ gbà láti san gan-an ni. Èmi tí mò ń pariwo yìí, mo ti bá ọmọ ọlọ́mọ kan fa irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù fún odidi wákàtí kan. Ìgbà tí mo wá rò ó pọ̀, ńṣe ni mo díbọ́n pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já.

3. Ẹ yé pe ohun tí kì í ṣe olè ní olè. Èyí ló ń bí mi nínú jù! Báǹkì bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n rí." Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ fọwọ́ yín tẹ nọ́ńbà káàdì, orúkọ yín ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ tiẹ̀ ti wọ bàálù lọ, ẹ ti dé. Ilé-iṣẹ́ náà á kó gbogbo ẹ̀ síwájú báǹkì, ẹjọ́ tán. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí: "Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ mi ò gbà láti san èyí tí wọ́n lé e lórí," tàbí, "Mo ti fagi lé e, wọ́n ṣì ń yọ owó." Ẹ̀sùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ̀rí tí báǹkì ń wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀.

Ìyá kan wà tí kò rí àpótí kékeré tí wọ́n ti bá a fi àmì sí nígbà tó ń sanwó. Bó ṣe di ọmọ ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún un nìyẹn: ọ̀fẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà owó ọdọọdún. Kàkà kó fagi lé ẹgbẹ́, káàdì ló lọ pààrọ̀. Wọ́n tún yọ owó lórí tuntun! Ó ní àfi kóun lọ gbààwẹ̀. Mo ní kò sẹ́mìí àìrí kankan ńbẹ̀: Visa àti Mastercard ní ètò tó lè gbé nọ́ńbà káàdì tuntun fún àwọn tó ń yọ owó lóòrèkóòrè.

4. Owó tó ṣì jẹ́ pending, ìyẹn èyí tí wọn ò tíì yọ tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ tán ná kí ẹ tó fẹjọ́ sùn.

Àwọn tó ń jókòó ti "a máa dá owó yín padà láìpẹ́" ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ 120 ni òfin Visa àti Mastercard fún chargeback, ìyẹn kí báǹkì bá yín gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹni tó yọ ọ́, báǹkì míì kì í sì í fúnni tó bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Ẹ fi íméèlì bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé ibi tí iye owó wà, ẹ má fi ẹjọ́ sílẹ̀ lórí fóònù.

Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ẹ́ gbàgbé. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì náà rìn, iye tí wọ́n lé lórí nìkan ni kí ẹ fi sùn ní báǹkì. Oníbàárà mi kan fi gbogbo owó sùn. Pápákọ̀ òfuurufú ló ti mọ̀ pé wọ́n ti fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì òun, èmi ló sì kọ́kọ́ pè láti bú.