Bí A Ṣe Ń Díye Lé Gàrí Nínú Ọjà Kábà

Ẹni tó bá ń ta gàrí ní Kábà, Ìyàrá tàbí Ìsánlú mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń díye lé ọjà òun. Ẹni tó yan gàrí náà, ọkọ̀ tó kó o, epo bẹntiróò inú ọkọ̀, àti àwọn tó ti Èkìtì gba ọ̀nà Òmùò wá ra ọjà lọ́pọ̀, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ nínú iye tí kóńgò kan yóò jẹ́. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó jókòó ti àwo gàrí ni ìpinnu ìkẹyìn wà, ìṣirò ló sì yẹ kó fi ṣe é, kó má kàn máa wo ẹnu ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo owó tó gbé àpò kan dé ìsọ̀ yín sílẹ̀. Ká ní ẹ ra àpò ní ₦40,000, tí ẹ san ₦2,000 fún ọkọ̀ àti ₦500 fún alárù, àpò náà ti di ₦42,500. Bí a bá wọ̀n ọ́n ní kóńgò 50, ₦850 ni kóńgò kan ná yín kí èrè tó wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá tà á ní ₦950, èrè orí àpò jẹ́ ₦5,000. Àmọ́ ẹ má tíì yọ̀, nítorí a kò tíì ka èènì. Bí ẹ̀kúnwọ́ tí ẹ ń bù lé e bá sọ kóńgò 50 di 48, ₦45,600 ni yóò wọlé, èrè yín sì di ₦3,100. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe èènì o; ta ni yóò padà wá sí ìsọ̀ tí kì í fún ènìyàn ní èènì? Kí ẹ wọn àpò náà pẹ̀lú èènì kí ẹ tó díye lé e ni mò ń wí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti ń ṣìṣe jù ni pé owó àpò tó ti tán ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo owó èyí tó kàn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti dópin, láàrin ọjọ́ mélòó kan ni lítà kan tí kò tó ₦200 ní ọ̀pọ̀ ilé epo kọjá ₦480, owó ọkọ̀ sì fò sókè tẹ̀lé e. Ẹ tún wo àpò wa yìí, ká tilẹ̀ gbé èènì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: ₦47,500 ló wọlé. Bí àpò tuntun bá ti di ₦46,000, tí owó ọkọ̀ àti alárù kò yí padà, ₦48,500 ni ẹ nílò. Ẹni tó rò pé òun jèrè ₦5,000 kò lè ra àpò mìíràn láìfi ₦1,000 kún un. Bó bá sì ti fi èrè náà se ọbẹ̀, ojú owó ló ń jẹ.

Bó bá di dandan kí owó lọ sókè, ẹ gbé e sókè ní gbangba, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má lu ìdí kóńgò wọnú. Oníbàárà tó bá rí kóńgò ₦900 tó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ₦1,000 gan-an ló ń ra kóńgò kíkún, nígbà tí ẹni tó dá ₦950 lé tirẹ̀ kò tàn án jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà, ẹ mú ife kan náà dání lọ sí ìsọ̀ méjì, ẹ fi wọn kóńgò wọn, ẹ ó rí i. Ní ilé ìtajà tó bá sì lẹ iye mọ́ ọjà, òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ààbò oníbàárà kò fi dandan mú yín san ju iye tó wà lára rẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀dínwó, ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá sọ ₦950 di ₦900, ẹ lè rò pé ₦50 kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ìdajì èrè yín ló lọ, àpò méjì ni ẹ ó sì tà kí ẹ tó rí èrè ẹyọ kan. Ẹni tó fẹ́ ra kóńgò mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ dín in kù fún, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ná an.