Bí ẹ ṣe lè yan ibi iṣẹ́ àjọlò ní Yábàá

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá iṣẹ́ ara yín ṣe, ẹ má tíì san owó ọ́fíìsì ọdún kan, pẹ̀lú owó ejẹ́ǹtì àti ti àdéhùn. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi iṣẹ́ àjọlò, níbi tí ẹ ti lè san owó tábìlì kan lójoojúmọ́ tàbí lóṣooṣù. Yábàá ni mo mọ̀ jù: CcHub, ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀, ti wà níbẹ̀ láti 2011, àwọn mìíràn sì wà káàkiri àdúgbò náà.

Ẹ san ti ọjọ́ kan péré ná. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni kí ẹ lọ, nígbà tí èrò pọ̀. Iná ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Bí NEPA bá mú iná lọ, ṣé ínfátà ló ń gbé e àbí jẹnẹrétọ̀? Aago mélòó ni wọ́n ń pa á? Iṣẹ́ ìtumọ̀ ni mò ń ṣe. Oníbàárà tó ń dúró de ìwé rẹ̀ ò ní gbọ́ pé iná ló lọ. Ẹ jókòó sórí àga tí wọ́n bá fún yín, kí ẹ pe ẹnì kan lórí fídíò, kí ẹ mọ bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí. Ẹ bèèrè yàrá kékeré tí èèyàn ti lè sọ̀rọ̀ láìdí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ẹ ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ Ìkòròdú lẹ ń gbé, ẹ wá èyí tó sún mọ́ ilé, kódà bí kò bá lẹ́wà. Kí ẹ sì gba rìsíìtì.